Balùwẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 7 kan ní Adó-Èkìtì: bí wọ́n ṣe tún un ṣe, àti ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́

Ilé tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ní Adó-Èkìtì, lápá Ajílósùn. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, pátákó àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi ṣe síílìnì. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, gígùn rẹ̀ jẹ́ 7, ìyẹn mítà 1.5 sí 2.1. WC wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wẹ̀.

Ẹjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà rò. Òórùn kì í kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n da oògùn sí i tó. Omi ìwẹ̀ kì í tètè lọ. Kí èèyàn tó ṣan ọṣẹ kúrò lára tán, omi á ti fẹ́ẹ̀ bo kókósẹ̀. Ẹ̀kẹta, ògiri yàrá tó fẹ̀yìn ti balùwẹ̀ ń rin, ọ̀dà rẹ̀ ń bó láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sókè. Àwọn tó kọ́kọ́ wá wò ó ní sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ti ń rin wọ inú ilẹ̀, ló kún, kí Màmá gbẹ́ òmíràn, kí wọ́n sì fi táìsì tuntun bo èyí tó wà nílẹ̀. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, owó ńlá sì ni wọn ì bá ná lé e lórí.

Kí òòlù tó kan ògiri

Sọ́kàwéè ni àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣí wò, nítorí pé gbígbẹ́ òmíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Èkìtì. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà wà. Ẹni tó bá ti rí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ti rí apá tó yọrí síta. Ìyókù wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì lè má jìnnà rárá sí ojú ilẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò sí. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣí i, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, tí ilẹ̀ sì ti mu omi yó. Bí kòtò kan yóò bá kún lọ́dún, àsìkò yẹn ni. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ fi ohun tó lé ní ìdajì mítà relẹ̀ ju ẹnu páìpù tó ń wọ inú rẹ̀ lọ. Kò kún.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ilé fúnra rẹ̀. WC ń fa omi lọ geerege. Omi WC ń gba sẹ́pítíìkì, ìyẹn táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ń dúró sí, kọjá sínú sọ́kàwéè kan náà tí omi ìwẹ̀ ń lọ. Bó bá jẹ́ pé kòtò ló kún, WC náà ì bá máa lọ́ra. Nígbà tó jẹ́ omi ìwẹ̀ nìkan ló ń dúró, ojú ọ̀nà tirẹ̀ ni ìdènà wà, láàárín balùwẹ̀ àti sọ́kàwéè.

Ó ku ògiri tó ń rin. Ibi mẹ́ta ni irú omi bẹ́ẹ̀ ti lè wá: páìpù tó ń gbé omi wọlé, páìpù tó ń gbé omi jáde, tàbí ilẹ̀ balùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé yẹ̀ wò láìfọ́ ohunkóhun. Lálẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti lo omi tán, wọ́n ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa, wọ́n ri igi gbígbẹ kan bọ inú táǹkì orí òkè, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó tutù dé. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ, wọ́n tún ri igi náà bọ̀ ọ́. Omi kò dín. Páìpù tó ń wọlé bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n di ojú ihò omi pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, wọ́n fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì da omi sílẹ̀ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3. Wọ́n fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé, ẹnikẹ́ni kò sì wẹ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Omi ti lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ìsàlẹ̀ ògiri yàrá sì tutù lákọ̀tun. Páìpù tó ń gbé omi jáde wà ní dídí ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí náà ilẹ̀ ló ń mu omi. Ẹni tó bá ń lọ ra táìsì láìṣe irú àyẹ̀wò yìí ń ra aṣọ fún ọgbẹ́ tí wọn kò tíì fọ̀.

Ohun tí wọ́n bá lábẹ́

Àárín oṣù kọkànlá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ti dá. Àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ti ń ṣi ẹ̀mí ara wọn lò. Wọn kì í fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì jáde mọ́. Ó lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n bu omi sí i títí tó fi rin, wọ́n fa ìṣó rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí pátákó lè sọ̀ kalẹ̀ lódindi, wọ́n wé e sínú ọ̀rá nípọn méjì, wọn kò sì jó o. Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́ ni ẹni tó ń ṣe é wọ̀, kì í ṣe aṣọ ìnujú tí wọ́n dì mọ́mú.

Nígbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀, ìpele mẹ́ta ni wọ́n bá lórí ara wọn: símẹ́ńtì àkọ́kọ́, táìsì kan, àti táìsì mìíràn lórí rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà mọṣẹ́. Wọ́n ti rẹ ilẹ̀ balùwẹ̀ sílẹ̀ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ kí omi má baà jáde. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló ń fi táìsì bo táìsì títí ilẹ̀ fi ga dọ́gba pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ohun adènà-omi kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn táìsì ògiri, símẹ́ńtì márùn-ún péré ni wọ́n fi lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òkèlè iyán, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan láàárín. Gbogbo àyè tó ṣófo láàárín wọn ló ń gba omi dúró. Ìdí nìyẹn tí irú táìsì bẹ́ẹ̀ fi máa ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí a bá fi owó ẹyọ kàn án.

Òórùn náà ní ìdí tirẹ̀. Kò sí tíráàpù, ìyẹn ibi tó ń gba omi díẹ̀ dúró kí òórùn má baà gòkè, nínú ihò omi ìwẹ̀. Páìpù ínǹṣì kan àbọ̀ ló lọ tààrà láti ilẹ̀ balùwẹ̀ síta, nítorí náà ẹnu sọ́kàwéè ni wọ́n ń gbóòórùn. Páìpù yẹn kan náà tún gòkè díẹ̀ níbi tó ti gba abẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá. Irun àti ọṣẹ ti dì síbẹ̀, pẹ̀lú ègé àpò símẹ́ńtì kan tí ẹnì kan gbàgbé sínú rẹ̀ nígbà iṣẹ́ àtijọ́.

Ètò inú yàrá

Ọmọ tí ìyá àgbà náà bí, tó wà ní Èkó, ti fi àwòrán ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan ránṣẹ́, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5. Ó ní yóò wọ ibi fífẹ̀ yàrá rẹ́gí. Ṣùgbọ́n mítà 1.5 yẹn ni ìwọ̀n láti búlọ́ọ̀kù dé búlọ́ọ̀kù. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 1.5 fún pílásítà, kí ẹ yọ 1.5 mìíràn fún gọ́ọ̀mù àti táìsì, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: mítà 1.44 ló kù. Ọpọ́n náà kò lè wọlé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti rà báyìí tó di ẹrù ẹ̀yìnkùlé, ìwọ̀n tó sì yẹ kí a máa rà lé lórí ni ìwọ̀n tí yóò kù lẹ́yìn tí táìsì bá ti wà lára ògiri.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹni ọdún gígùn kò yẹ kó máa gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó lè wẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni ibi ìwẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ní ìparí yàrá, 85 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, gbogbo fífẹ̀ yàrá. WC wà lára ògiri gígùn láàárín. Bésìn ìfọwọ́ kékeré, 45 sẹ̀ǹtímítà, wà ní igun ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Láti àárín WC dé ohunkóhun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 38 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi sílẹ̀, iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ ju 70 lọ. Bí iwájú WC kò bá tó 55, orúnkún á máa kan ògiri.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ ń ṣí sínú, ó sì ń ha WC. Wọ́n yí i padà kó máa ṣí síta. Ìdí kejì ṣe pàtàkì jù: bí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí àwọn tó fẹ́ gbà á là lọ́wọ́.

Páìpù, àti sẹ̀ǹtímítà 3 tó fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́

Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá, wọ́n ti ra WC, wọ́n sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kí pùlọ́ńbà kọ́kọ́ gbin páìpù, kí onílé tó lọ sí ọjà lẹ́yìn oṣù méjì. WC kò dọ́gba. Àwọn kan ń da omi sísàlẹ̀, àwọn kan ń dà á sẹ́yìn. Èyí tó ń dà á sẹ́yìn, àárín ihò rẹ̀ máa ń ga ní nǹkan bíi 18 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Èyí tí wọ́n rà níbí ń dà á sísàlẹ̀, ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ sì ní kí àárín ihò jìnnà sí ògiri ní 30 sẹ̀ǹtímítà.

Pùlọ́ńbà wọn 30 náà láti ara búlọ́ọ̀kù, ó sì fi páìpù sí i. Bíríkìlà tó ń wò ó ló bi í pé, “Ọ̀gá, ibo lẹ fi pílásítà sí?” Ìwọ̀n inú ìwé jẹ́ láti ojú táìsì. Pílásítà àti táìsì yóò jẹ sẹ̀ǹtímítà 3, yóò wá ku 27, táǹkì ẹ̀yìn WC á sì gbá ògiri kí ihò tó bá ihò. Wọ́n ṣún páìpù sí 33 láti ara búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti dà á ni, fífọ́ ni.

Páìpù ínǹṣì 4 ni wọ́n fi fún WC, ínǹṣì 2 fún omi ìwẹ̀, ínǹṣì kan àbọ̀ fún bésìn. Omi ìwẹ̀ ní tíráàpù tó ń gba omi sẹ̀ǹtímítà 5 dúró. Omi yẹn ló ń ṣe ilẹ̀kùn láàárín balùwẹ̀ àti kòtò. Mítà 3 ni láti ibẹ̀ dé kòtò àyẹ̀wò tó wà níta, sẹ̀ǹtímítà 2 ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Okùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọn kò fojú díwọ̀n rẹ̀. Wọn kò darí omi ọṣẹ yìí gba inú sẹ́pítíìkì. Tààrà ló lọ sínú sọ́kàwéè, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún fi páìpù afẹ́fẹ́ ínǹṣì 2 kún ti WC, ó gba ara ògiri gòkè kọjá òrùlé. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní in. Bí omi WC bá ń rọ́ lọ, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ láti òkè, yóò fa omi inú tíráàpù tó wà nítòsí. Tíráàpù tó gbẹ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ẹni tó bá ń gbóòórùn kìkì lẹ́yìn tí wọ́n bá fa WC, kó wo ibẹ̀ ná.

Páìpù onírin tó ń gbé omi wọlé ti dípẹtà, ihò inú rẹ̀ kò gba ju ìka kékeré lọ. PPR, ìyẹn páìpù rọ́bà líle, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Iná ni wọ́n fi ń so ó pọ̀, ní ìgbóná 260 lórí òṣùwọ̀n Selsius: ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún páìpù 20 mìlímítà, 7 fún ti 25. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, rọ́bà á yọ́ dí ihò inú, ojú kò sì ní í rí i láti ìta.

Agbára omi ni wọ́n rò jù. Ìdí táǹkì wà ní mítà 3.6 sí ilẹ̀ ìta. Ilẹ̀ ilé ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà, orí ṣáwà sì wà ní mítà 2 lókè rẹ̀. Nígbà tí táǹkì bá ń tán lọ, mítà 1.15 péré ni omi fi ga ju ṣáwà. Báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi, gíga mítà 10 ló sì ń fúnni ní báà kan; níbí, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá báà lọ púpọ̀. Ṣáwà gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó wà nínú àwòrán tí ọmọ fi ránṣẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ńṣe ni yóò máa kán tótó. Ṣáwà kékeré onírọ́bà tó gba agbára díẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n gbé páìpù 25 mìlímítà láti táǹkì títí dé inú balùwẹ̀, ẹnu ohun èlò nìkan ni wọ́n ti sọ ọ́ di 20. Wọ́n tún fi ẹnu ẹ̀rọ kan sí 65 sẹ̀ǹtímítà sókè fún bọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kọ́ọ̀pù ni ìyá náà fi ń wẹ̀ láti kékeré, kò sì sí ìdí tí balùwẹ̀ tuntun yóò fi gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìdí yìí náà, WC tí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lè fọ̀ ni wọ́n yàn, pẹ̀lú fáàfù táǹkì tí wọ́n ṣe fún omi aláìlágbára.

Kí wọ́n tó bo ògiri, wọ́n di kọnkéré sínú ihò búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀gbẹ́ WC àti níbi ìwẹ̀, ní gíga 85 sẹ̀ǹtímítà. Ibẹ̀ ni irin ìdìmú yóò wà. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 ṣófo nínú. Bí wọ́n bá kan irin mọ́ ọn lásán, ọjọ́ tí èèyàn bá gbé gbogbo ara lé e ni yóò fà yọ. Bí wọ́n ti ń gé ojú ọ̀nà páìpù sára ògiri, òró ni wọ́n gé e, èyí tó bá gba ìbú kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kí ògiri má baà di èyí tí wọ́n gé lọ́rùn.

Ilẹ̀

Níbí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Wọ́n fọ́ ohun gbogbo dé orí Jámánì flọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ìpìlẹ̀. Láti ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé orí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, àyè náà sì tó.

Wọ́n fi ìlà sára ògiri yí ká: símẹ́ńtì ilẹ̀ yóò nípọn ní 6.5 lẹ́nu ọ̀nà, 3.5 lẹ́bàá ihò omi. Láti ilẹ̀kùn dé ibi ìwẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan ni wọ́n fi ń sọ̀ lórí mítà. Nínú ibi ìwẹ̀ fúnra rẹ̀, méjì. Ìdí tí kò fi jẹ́ méjì jákèjádò ni WC: bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá dagun jù, yóò máa mì. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 kún un fún gọ́ọ̀mù àti táìsì, ojú ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yóò ṣì rẹlẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ ní 4.

Ilẹ̀ jẹ́ mítà 3.15 níbùú-lóròó. Bó bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìpíndọ́gba, símẹ́ńtì àpò kan lé díẹ̀ ni yóò gbà, ní ìdá 1 símẹ́ńtì sí 4 yanrìn. Àpò 2 ni wọ́n rà. Àpò kan ń gba nǹkan bíi wíìbáró 2 yanrìn tí kò gogo, yanrìn oníhóró ni, kì í ṣe yanrìn pílásítà tó kún fún amọ̀. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kí ẹ fún un: bó bá dì pọ̀ láìtú, tí omi kò sì kán láàárín ìka, ó ti tó. Èyí tó bá ń ṣàn yóò tètè tẹ́jú lójú, ṣùgbọ́n yóò sán bó bá gbẹ. Wọ́n rin kọnkéré àtijọ́, wọ́n fi omi símẹ́ńtì kíki gbálẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì da tuntun lé e kí ìyẹn tó gbẹ. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà. Atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń fa omi yọ lára símẹ́ńtì kó tó le, nítorí náà wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fi ọ̀rá bo ilẹ̀, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kẹ́míkà adènà-omi tó wá tẹ̀lé e jẹ́ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi rọ́bà rẹ̀ pò. Gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n kùn, pẹ̀lú 30 sẹ̀ǹtímítà sára ògiri yí ká. Níbi ìwẹ̀, ó gòkè dé mítà 1.8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 10 níbùú-lóròó. Kílò 3 ni mítà kọ̀ọ̀kan ń gbà fún ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí náà kílò 30. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí gbogbo igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń là. Bí wọ́n bá kun ti àkọ́kọ́ ní òró, wọ́n a kun ìkejì ní ìbú lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bá ti gbẹ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún di ihò omi, wọ́n tún pọn omi sílẹ̀ fún wákàtí 24, wọ́n tún fa ìlà. Omi lọ sílẹ̀. Ẹni tó kun ún ní oòrùn ló fà á. Inú yàrá tó ti fèrèsé, oòrùn kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan. Wọ́n fa omi náà gbẹ, wọ́n sì rí i pé kẹ́míkà kò wọ orí ètè ihò omi. Àlàfo kékeré kan wà láàárín rọ́bà àti símẹ́ńtì tí wọ́n kùn dé bèbè rẹ̀ nìkan. Wọ́n fi yanrìn pépà ha ètè rọ́bà náà kó lè di kẹ́míkà mú, wọ́n lẹ aṣọ yí i ká, wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dúró. Nígbà tí wọ́n tún omi dà, ìlà kò kúrò níbi tó wà. Ibi tí balùwẹ̀ tuntun ti máa ń jò jù nìyẹn, ó sì rọrùn láti bá kí táìsì tó bò ó.

Táìsì àti ìyókù

Táìsì ilẹ̀ jẹ́ 30 sí 30, èyí tí ojú rẹ̀ kò dán. Èyí tó dán ń fani ṣubú bí ọṣẹ bá kàn án, 60 sí 60 kò sì lè tẹ̀lé ilẹ̀ tó ń dagun lọ síhà méjì. Páálí kan jẹ́ mítà 1.5 níbùú-lóròó; méjì kò tó, mẹ́ta ni wọ́n rà. Ògiri: yíyíká yàrá jẹ́ mítà 7.2, gíga táìsì 2.4, ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku 15.35. Pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá fún èyí tí yóò fọ́, ó sún mọ́ 17. Táìsì 30 sí 60, páálí rẹ̀ jẹ́ 1.44, páálí 12 ni. Gọ́ọ̀mù táìsì kílò 20 ń gba nǹkan bíi mítà 4, nítorí náà àpò 5. Gíráùtù, èyí tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín táìsì, kò ju kílò 3 lọ, kílò 5 ni wọ́n rà.

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n lò, kì í ṣe símẹ́ńtì lásán. Táìsì líle tí kò ń mu omi kò lè di símẹ́ńtì mú. Wọ́n fi kọ̀ǹbù eléyín mìlímítà 8 tẹ́ ẹ, wọ́n sì ń ṣí táìsì kan wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé gọ́ọ̀mù bo ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Ìlà kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ògiri, lórí igi tó tẹ́jú tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ìlà ìsàlẹ̀ ni wọ́n gé kẹ́yìn, kó lè bá ilẹ̀ tó dagun mu, kó sì jókòó lé táìsì ilẹ̀. Gíráùtù kò wọ igun tí ògiri méjì tàbí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé. Sílíkónì tó ń nà bíi rọ́bà ni wọ́n fi síbẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ń ṣún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

WC kò wọ inú símẹ́ńtì. Bóòtù méjì ló dì í mú, pẹ̀lú sílíkónì yí ìdí rẹ̀ ká àfi ẹ̀yìn. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá jò lọ́jọ́ kan, ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni omi yóò ti yọjú. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rẹlẹ̀.

Hítà oní líta 30, 1,500 wáàtì, ni wọ́n gbé sókè ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kúrò níbi tí omi ṣáwà lè ta dé. Wáyà 2.5 ni ó gbà, pẹ̀lú wáyà ilẹ̀, àti bírékà 30 mìlíámpì tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná bá jò. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí iná rẹ̀ tó tàn, 20 ámpì, wà níta balùwẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e, wọ́n sì sọ fún ìyá náà. Omi gbọ́dọ̀ ti kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó tan iná sí i. Fáàfù kékeré tó ń kán lára rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹ má dí i. Síílìnì jẹ́ PVC. Wọ́n fi lúfà sílẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n sì fi fáànù tó ń fa ọ̀rinrin síta sókè rẹ̀.

Ògiri yàrá kejì ni wọ́n ń kánjú sí jù, òun ló sì yẹ kó kẹ́yìn. Wọ́n ha pílásítà tó ti rà kúrò dé mítà kan sókè, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lásán ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó rẹ́ ẹ, tí wọ́n sì kùn ún. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn sórí búlọ́ọ̀kù tútù yóò bó, àwọn èèyàn á sì ní balùwẹ̀ ṣì ń jò.

Ohun tí wọ́n fi lé ìyá náà lọ́wọ́ ni táìsì tó ṣẹ́kù, àwọn rọ́bà àfidípò fún táǹkì WC, àti àwòrán gbogbo páìpù inú ògiri tí wọ́n yà sórí fóònù kí wọ́n tó pílásítà, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n tó hàn gbangba nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, láti igun ògiri àti láti ilẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná.